Ṣé ẹ̀rọ CERN lè já okùn string theory, àbí ọwọ́ rẹ̀ ò lè tó o láéláé?

Adé_Fájuyì
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kan ń bọ̀ láti White House nínú ọgbà OAU lẹ́yìn kíláàsì, àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Ó ní string theory kì í ṣe sáyẹ́ǹsì, ó ní ẹ̀sìn ni. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí àyẹ̀wò kankan láyé yìí tó lè fi hàn pé irọ́ ni, ohun tí kò sì ṣeé pè ní irọ́, ta ló máa jẹ́rìí sí i pé òótọ́ ni?

Fún ẹni tí kò bá mọ ohun tí à ń sọ: tíọ́rì okùn yìí ní bí a bá tú ohun gbogbo palẹ̀ débi tí kò ṣeé tú mọ́, electron o, quark o, ìmọ́lẹ̀ o, okùn tín-ín-rín tó ń gbọ̀n la máa bá nísàlẹ̀. Ó gbọ̀n báyìí, ó di electron. Ó gbọ̀n lọ́nà mìíràn, ó di nǹkan mìíràn. Ọ̀kan nínú gbígbọ̀n rẹ̀ ló ń bí òòfà ilẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, torí pé ìṣirò Einstein lórí òòfà àti ìṣirò quantum, èyí tí à ń lò fún èérún kéékèèké, kì í gbé inú ilé kan láìjà. Àmọ́ ìṣirò okùn náà kì í bára mu àfi bí ayé bá ní ìhà 10, 9 fún àyè, 1 fún àkókò. Ìhà 4 péré la sì ń rí, wọ́n ní 6 tó kù ti ká kò, wọ́n pamọ́.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rọ ńlá tó wà ní CERN, ibùdó ìwádìí èérún ní Yúróòpù, ṣé ó lè dá ẹjọ́ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ èébú.

Wáyà_Parákin
Ẹni tí kò fẹ́ èébú ló gbé ọ̀rọ̀ wá síbí. Àbúrò, kú oríire. Mo ti jókòó, mo ń wò yín.

Akin_Tandem
Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ gba máàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Ifẹ̀ níbí. Ní CERD, ibùdó ìwádìí agbára nínú ọgbà OAU, ẹ̀rọ kan wà tó ń lé èérún sáré, Tandem Pelletron ni wọ́n ń pè é, volt mílíọ̀nù 1.7 ló wà láàárín inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń lo volt yẹn, á kọ́kọ́ fa èérún wọlé, á bọ́ electron kúrò lára rẹ̀, á wá tì í jáde, torí náà proton tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè ní tó 3.4 MeV (òṣùwọ̀n agbára èérún ni MeV; ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ jẹ́ GeV kan, ẹgbẹ̀rún GeV sì jẹ́ TeV kan). Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń fi ṣe o. Wọ́n á ju proton lu iyẹ̀pẹ̀, tàbí eruku tí wọ́n kó nínú afẹ́fẹ́, X-ray tó bá sì jáde á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ifẹ̀ ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà létí wọn.

Ẹ wá wo LHC, ẹ̀rọ ńlá CERN tí ò ń béèrè yẹn. Òpópó tó yípo tó kìlómítà 27 lábẹ́ ilẹ̀, létí Geneva, níbi tí Switzerland àti Faransé ti pààlà. Láti 2022, 6.8 TeV ni agbára proton kọ̀ọ̀kan, tí méjì bá wá forí sọ ara wọn, 13.6. Ìyẹn ni pé proton kan níbẹ̀ fi ìlọ́po mílíọ̀nù 2 ju tiwa n'Ifẹ̀ lọ.

Ó dáa. Okùn yẹn fúnra rẹ̀, bí ó bá gùn tó bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe rò, nǹkan bí 10^-35 mítà ni. Kí a tó rí i lójúkojú, agbára tó tó 10^19 GeV la nílò. Láti Geneva débẹ̀, ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 1 tí òdo 15 tẹ̀ lé. Kò sí ilẹ̀ tí ẹ máa gbẹ́ tó máa gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sùn.

Mọ̀rẹ̀mí_Kejì
Ẹ̀gbọ́n Akin, ìṣirò yín péye, ibi tí ẹ gbé e parí sí ni mi ò bá yín dé. Ta ló sọ pé a gbọ́dọ̀ fojú rí nǹkan lójúkojú ká tó dán an wò?

Ní 1905 kò sẹ́ni tó tíì rí átọ́ọ̀mù. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó lórúkọ ṣì ń sọ pé ọgbọ́n ìṣirò lásán ni. Einstein wá ṣírò bí èérún tó léfòó nínú omi ṣe gbọ́dọ̀ máa ta kiri, bó bá jẹ́ pé átọ́ọ̀mù ló ń gbá a láti ọ̀tún àti òsì. Ní 1908 Jean Perrin wọ̀n ọ́n lábẹ́ maikirosíkóòpù, ó sì rí bí Einstein ṣe wí. Perrin ò rí átọ́ọ̀mù kankan títí tó fi gbé e kalẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń jiyàn panu mọ́.

Torí náà ohun tó yẹ ká bi tíọ́rì okùn ni pé: ipa wo lo fi sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ wa dé? Ní 1998, Arkani-Hamed, Dimopoulos àti Dvali sọ pé àwọn ìhà tó pamọ́ yẹn lè má kéré tó bí a ṣe ń rò, wọ́n lè fẹ̀ tó mìlímítà pàápàá, kí òòfà ilẹ̀ nìkan máa jò lọ sínú wọn. Wọ́n ní bóyá ìdí tí òòfà fi rọ tó bẹ́ẹ̀ lójú wa nìyẹn. LHC lè gbá èyí mú. Bí proton méjì bá forí sọra, tí èérún tú jáde sí apá kan, tí kò sì sí ohun tó bá a dọ́gba ní apá kejì, a jẹ́ pé agbára kan ti sá lọ síbi tí ojú ò tó. ATLAS àti CMS, ẹ̀rọ ńlá méjì tó ń ṣọ́ ìkọlù ní LHC, ń wá irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ń wá ihò dúdú kéékèèké náà pẹ̀lú, tí irú ìhà fífẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kó jáde nínú ìkọlù (ẹ rántí ariwo 2008, tí wọ́n ní CERN fẹ́ gbé ayé mì). Àwọn kan ò tiẹ̀ nílò òpópó: ní University of Washington, wọ́n fi wáyà tín-ín-rín so irin rọ̀, wọ́n wọn òòfà láàárín ohun méjì tí kò jìnnà síra ju 52 maikirómítà lọ, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2020.

Adé_Fájuyì
Àǹtí, kí ni wọ́n wá rí?

Mọ̀rẹ̀mí_Kejì
Títí di báyìí, kò sí. Òfin Newton lórí òòfà ṣì dúró ní 52 maikirómítà yẹn, LHC náà ò rí ihò dúdú kankan.

Tísà_Ìjẹ̀ṣà
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Físíìsì ni mo fi kọ́ ọmọ n'Iléṣà títí mo fi fẹ̀yìntì, mi ò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n "kò sí" tí ọmọ mi sọ yìí ò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Lẹ́yìn tí wọn ò rí i, kí ló ṣẹlẹ̀? Nínú àwọn tó ń fi tíọ́rì okùn jẹun, èwo ló jáde láti sọ pé ó ti tán? Supersymmetry ńkọ́, èyí tó ní èérún kọ̀ọ̀kan ló ní ìkejì tó wúwo jù ú lọ? Wọ́n ní á yọjú kété tí wọ́n bá ti tan LHC. Èérún Higgs yọjú ní 2012, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ìkejì kankan ò yọjú. Wọ́n ní áà, ó kàn wúwo díẹ̀ sí i ni. Wọ́n gbé agbára ẹ̀rọ sókè ní 2015, kò yọjú. Wọ́n tún ní ó wúwo díẹ̀ sí i.

Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ òṣómàáló. Àwọn bàbá wa a máa ta aṣọ láwìn, bí ọjọ́ bá pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kì í dìde àfi tówó bá jáde. Láti 1984, tí Green àti Schwarz ti fi hàn pé ìṣirò rẹ̀ lè bára mu, ni tíọ́rì yìí ti ń ra aṣọ láwìn lọ́wọ́ gbogbo ayé. Mo ti lóṣòó. Ẹ má sọ ohun tó *lè* ṣẹlẹ̀ fún mi mọ́. Ẹ sọ ohun tí kò *gbọ́dọ̀* ṣẹlẹ̀.

Wáyà_Parákin
Yéè! Màmá ti lóṣòó. Kí onígbèsè tètè jáde o.

Mọ̀rẹ̀mí_Kejì
Ẹ ṣeun, Màmá. Ìhà tó fẹ̀ àti supersymmetry tó tètè yọjú, tíọ́rì okùn gbà wọ́n láàyè ni, kò sọ pé dandan ni. Àìrí wọn ò lè pa á. Ohun tó bá kọ̀ nìkan ló lè pa á.

Ní 2007, Jacques Distler, Benjamin Grinstein, Rafael Porto àti Ira Rothstein gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde nínú Physical Review Letters. Èérún W ni wọ́n mú, èyí tí CERN rí ní 1983, tó wúwo tó 80 GeV, tó wà lára àwọn tó ń gbé agbára aláìlera, agbára tó ń jẹ́ kí àwọn átọ́ọ̀mù kan máa jẹrà. Wọ́n ní kí a ṣọ́ bí W ṣe ń gbá W. Tíọ́rì okùn, bí a ṣe mọ̀ ọ́n, gbára lé nǹkan mẹ́ta. Èkíní, ìlànà Einstein pé bí o ṣe wù kí o máa sáré tó, tí eré rẹ bá ti dúró sójú kan, òfin kan náà lo máa bá pàdé. Èkejì, bí a bá ro ìṣeéṣe gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ pọ̀, 1 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Ẹ̀kẹta le díẹ̀ láti sọ: ìṣirò ìkọlù náà gbọ́dọ̀ máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìfò, èyí ló sì ń rí i pé ohun kan ò ṣẹlẹ̀ kí ohun tó fà á tó ṣẹlẹ̀.

Láti inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn iye kan nínú bí W ṣe ń gbá W ò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà kan. Bí LHC bá wọ̀n ọ́n, tó sì wálẹ̀ kọjá ibẹ̀, ó kéré tán ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wó, tíọ́rì okùn á sì bá a wó. Kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé ó kàn wúwo díẹ̀ sí i.

Akin_Tandem
Ẹ jẹ́ kí n fi ti oníṣẹ́ ọwọ́ kún un. W ò ṣeé kó jọ kí a máa jù ú lu W. Kò pé 10^-24 ìṣẹ́jú-àáyá tó fi ń kú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé proton méjì ń bọ̀, quark kan nínú èyí tu W kan, quark kan nínú tọ̀hún tu W tiẹ̀, W méjèèjì bá pàdé lójú ọ̀nà. Àwọn quark méjèèjì á bá tiwọn lọ, wọ́n á sọ èérún jáde síwá àti sẹ́yìn ẹ̀rọ, èyí la fi ń mọ̀ pé ìpàdé yẹn wáyé. Kò wọ́pọ̀ rárá. Ní 2017 ni CMS tó lè sọ ní gbangba pé òun ti rí W méjì tí àmì iná wọn jọra nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ATLAS náà sì rí i lẹ́yìn náà. Kí a rí i ni mo wí o. Kí a wọ̀n ọ́n dé ibi ààlà tí àwọn ará 2007 ń sọ, iṣẹ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀.

Tísà_Ìjẹ̀ṣà
Mo gbọ́. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé owó ẹlòmíràn san gbèsè yìí o. Nǹkan mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ṣé tíọ́rì okùn nìkan ló ni wọ́n? Gbogbo ìṣirò quantum tí à ń lò fún èérún, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, orí wọn ló dúró lé. Bí iye yẹn bá dúró sí ààyè rẹ̀, máàkì wo ni tíọ́rì okùn gbà tí àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa okùn ò gbà? Bó bá sì wó, ilé gbogbo wa ló wó, kì í ṣe ti okùn nìkan. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ nígbà yẹn lọ́hùn-ún nìyí, mo sì rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ọmọ_Ìtasẹ̀
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ kú àríyànjiyàn. Láti Òkè-Ìtasẹ̀ ni mo ti ń kà yín. Gbogbo ohun tí ẹ ń fi òpópó wá yìí, Ifá ti sọ ọ́ tipẹ́. Odù 256 gba gbogbo ayé.

Mọ̀rẹ̀mí_Kejì
Bàbá, mo júbà. Ìbéèrè Màmá náà ni n ó fi bi yín: kí ni Ifá sọ pé LHC ò gbọ́dọ̀ rí?

Ọmọ_Ìtasẹ̀
Ọmọ mi, 256 ni tiwa, ó níye. Mo gbọ́ pé ọ̀nà tí ẹ̀yin lè gbà ká ìhà yín pa mọ́ jẹ́ 1 tí òdo 500 tẹ̀ lé. Nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló ń sọ̀rọ̀ jù?

Wáyà_Parákin
Bàbá pa wọ́n! Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Tísà_Ìjẹ̀ṣà
Bàbá fọwọ́ bà á níbi tó ti ń dùn wọ́n gan-an. Adé, 10^500 yẹn kì í ṣe àwàdà, iye tí wọ́n máa ń fojú bù nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣe ká ìhà 6 yòókù ló ń sọ irú èérún tí ayé máa ní àti bí agbára rẹ̀ ṣe máa tó. Bí ayé bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ, ohunkóhun tí CERN bá rí, wàá rí ọ̀kan tó bá a mu. Èmi ò gbà pé ẹni tó bá ní ìdáhùn fún gbogbo ìbéèrè ti dáhùn ìkankan.

Mọ̀rẹ̀mí_Kejì
Màmá, ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín rèé. Ayé 10^500 yẹn pọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan ló wà nínú wọn. Àwọn nǹkan kan wà tí kò sí nínú ọ̀kankan.

Jonathan Heckman ní University of Pennsylvania àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé kan jáde ní 2025 lórí èyí, mo sì rò pé òun ló sún mọ́ ohun tí ẹ ń béèrè jù lọ. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Agbára aláìlera máa ń to èérún sí ìdílé. Electron àti neutrino rẹ̀ jẹ́ ìdílé ẹni 2. Àwọn tó ń gbé agbára náà fúnra wọn jẹ́ ìdílé ẹni 3. Èyí tó dá wà ní ìdílé ẹni 1, kì í dáhùn sí agbára yẹn rárá. Nínú ìṣirò quantum lásán, láìsí okùn, kò sóhun tó ní kó má sí ìdílé ẹni 5. O kàn lè kọ ọ́ sílẹ̀, ìṣirò á sì jáde.

Okùn ò lè kọ ọ́. Orí méjì péré ni okùn tó là ní, orí kọ̀ọ̀kan sì lè mú ọ̀nà 2 nínú agbára aláìlera. 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4, tí a bá sì tò wọ́n, 4 yẹn pín sí ìdílé ẹni 3 àti ẹni 1. Kí o tó rí ẹni 5, orí 4 lo nílò, okùn wo ló lórí 4? Wọ́n wo àwọn ọ̀nà mìíràn tí a mọ̀ láti kọ́ ayé láti inú okùn, wọn ò rí ibi tí ìdílé ẹni 5 tó dá dúró bẹ́ẹ̀ ti jáde.

Ó wá ku bí LHC ṣe máa mọ̀ ọ́n. Nínú ìdílé yẹn, ẹni tó fúyẹ́ jù kò ní iná lára, ẹ̀rọ ò sì lè rí i. Àwọn tó ní iná fi díẹ̀ wúwo jù ú lọ. Bí wọ́n bá jáde látinú ìkọlù, wọ́n á rìn díẹ̀, ẹ̀rọ á máa kọ ipa ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀, lójijì wọ́n á yí padà di ẹni tí a kò rí yẹn àti pion kan (èérún fẹ́ẹ́rẹ́ ni) tí kò lágbára. Ipa ẹsẹ̀ á kàn pòórá láàárín ẹ̀rọ. ATLAS àti CMS ti ń wá ipa tó ń pòórá nítorí nǹkan mìíràn tẹ́lẹ̀, Heckman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tún èsì ATLAS kà pẹ̀lú ojú tuntun. Títí dé GeV ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ìdílé ẹni 5 ò sí níbẹ̀.

Wáyà_Parákin
Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kó yé mi. Wọn ò rí i. Ìyẹn ni pé okùn borí?

Mọ̀rẹ̀mí_Kejì
Rárá, ẹ̀gbọ́n. Kò tíì kú ni. Bí wọ́n bá rí i, ó kú tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Bí wọn ò bá rí i, kò gba máàkì kankan, torí pé ayé tí kò ní okùn náà lè má ní ìdílé ẹni 5.

Wáyà_Parákin
Ẹjọ́ tí èèyàn ò lè jàre, àfi kó jẹ̀bi. Ẹ kú iṣẹ́.

Tísà_Ìjẹ̀ṣà
Ọmọ mi, èyí dùn mọ́ mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dárúkọ nǹkan kan tí èmi lè tọ́ka sí. Àmọ́ gbólóhùn rẹ kan ò tíì kúrò lọ́kàn mi: "àwọn ọ̀nà mìíràn tí a mọ̀." Orí méjì okùn yé mi, ìṣirò ni, kò ṣeé jiyàn. Àwọn ọ̀nà yòókù ńkọ́? Ṣé wọ́n fi ẹ̀rí ìṣirò dè é ni, àbí wọ́n wá a kiri wọn ò rí i? Bí ó bá jẹ́ èkejì, lọ́jọ́ tí LHC bá rí ìdílé ẹni 5, ọ̀dọ́mọkùnrin kan á ti rí ọ̀nà tuntun láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mọ̀rẹ̀mí_Kejì
Apá kan rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí, apá kan jẹ́ pé wọ́n wá a nínú gbogbo ohun tí a mọ̀. Mi ò ní pa irọ́ fún yín, Màmá. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn á ní iṣẹ́ púpọ̀ ju ẹni tó ń sọ pé "ó wúwo díẹ̀ sí i" lọ. Irú okùn tí kò sẹ́ni tó tíì rò ló máa kọ́, gbogbo wa á sì máa wò ó.

Akin_Tandem
Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọbẹ̀ quark. Ní RHIC, ẹ̀rọ ìkọlù kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n kéde ní 2005 pé tí wọ́n bá kọlu wúrà mọ́ wúrà, ohun tó ń jáde ń ṣàn bí ohun olómi tí kò ki rárá. Ìṣirò tó jáde látinú tíọ́rì okùn, ti Maldacena ní 1997, ló ti fún wọn ní iye kan tí kíki irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń sún mọ́. Ìyẹn ò ka?

Tísà_Ìjẹ̀ṣà
Ó kà fún ìṣirò. Kò kà fún ayé. Wọ́n fi ọgbọ́n okùn ṣírò nǹkan tó jọ ọbẹ̀ yẹn, kì í ṣe pé okùn ni wọ́n rí nínú ọbẹ̀.

Adé_Fájuyì
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè ìkẹyìn: àwa tó wà n'Ifẹ̀, tí Nàìjíríà ò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ni CERN, ṣé a lè fọwọ́ kan dátà yìí fúnra wa? Àbí ìròyìn la ó máa kà?

Mọ̀rẹ̀mí_Kejì
Láti 2014 ni CERN ti ṣí ojú ìwé dátà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ti CMS àti ATLAS wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà àti dátà fóònù nìkan ló máa ná ẹ lówó. Fáìlì kan lè jẹ dátà oṣù kan, torí náà lọ gbà á ní ilé-ìkàwé Hezekiah, lóru tí èrò ò pọ̀.

Akin_Tandem
Adé, má fi ipa tó ń pòórá bẹ̀rẹ̀ o, á da orí rẹ rú. Wá fáìlì tó ní muon (ìbátan electron tó wúwo jù ú lọ) méjì nínú ìkọlù kan, ṣírò ìwúwo ohun tó bí wọn, kí o ya á sórí gíráàfù. Tí o bá rí òkè kan ní 91 GeV, èérún Z, ìbátan W, nìyẹn, kóòdù rẹ ń ṣiṣẹ́. Tí òkè náà bá bọ́ sí 70 tàbí 110, fi kóòdù rẹ ránṣẹ́ síbí, mo mọ ibi tí mo máa kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó sọ ti W.